Ìpara Họ́móònù fún Ìrora Jẹjẹrẹ Próstéètì: Ìdáhùn sí Ọmọ Tó Kọ̀wé láti Ìtòkú

Ọmọ kan tó ń tọ́jú bàbá rẹ̀ ló kọ̀wé sí mi láti Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níbí. Mo gé lẹ́tà náà kúrú díẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 73 ni bàbá wa. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n sọ fún wa pé jẹjẹrẹ próstéètì ló ń ṣe wọ́n, ó sì ti dé eegun. Wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ kan lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, ṣùgbọ́n láti bí oṣù méjì ni ìrora ìbàdí àti ẹ̀yìn kò ti jẹ́ kí wọ́n sùn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Amẹ́ríkà fi ìpara kan ránṣẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sára ike rẹ̀ pé họ́móònù àdámọ́ ni, pé láti ara iṣu ni, orúkọ rẹ̀ sì ń jẹ́ progesterone. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká máa fi pa wọ́n níkùn àti nítan lálaalẹ́, pé ìrora á lọ, pé tó bá yá a tiẹ̀ lè dá abẹ́rẹ́ dúró. Ìyá wa ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Kí ni kí n ṣe?”

Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá o. Mo fẹ́ kọ́kọ́ fún yín ní ìdáhùn kí n tó máa ṣàlàyé, torí mo mọ̀ pé alẹ́ òní gan-an ni Ìyá lè fẹ́ bẹ̀rẹ̀: ẹ má fi ìpara yẹn pa Bàbá, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá abẹ́rẹ́ wọn dúró. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà pé ìrora náà ni ìpín wọn. Oògùn wà fún un, ìtọ́jú wà fún un, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì wọ́n tó bí èèyàn ṣe ń rò. Apòògùn ni mí, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó ń mójú tó ìrora jẹjẹrẹ ṣiṣẹ́. Ohun tó máa ń dùn mí jù ni kí bàbá kan máa jẹ̀rora látoṣù dóṣù, kí àwọn ọmọ máa wá ohun tuntun kiri òkè òkun, nígbà tó jẹ́ pé oògùn tó yẹ kó ti máa lò kò jìnnà, kò kàn sí ẹni tó béèrè fún un ni.

Ọ̀rọ̀ méjì ló wọnú ara wọn nínú lẹ́tà yín. Ọ̀kan ni jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀, ohun tó lè mú un rọlẹ̀. Èkejì ni ìrora tó ń dà wọ́n láàmú lóru. Ẹ̀gbọ́n yín rò pé ìpara kan ṣoṣo á yanjú méjèèjì. Oògùn tó ń pa ìrora lè máà ṣe jẹjẹrẹ ní nǹkan kan. Èyí tó ń mú jẹjẹrẹ rọlẹ̀ máa ń dín ìrora kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a ò sì gbọ́dọ̀ ní kí àgbàlagbà máa fara dà á títí dìgbà yẹn. Ńṣe là ń ṣe méjèèjì pọ̀.

Próstéètì jẹ́ ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká. Họ́móònù ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní testosterone ló ń mú un dàgbà. Kóró ẹpọ̀n ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà lókè kíndìnrín sì ń pèsè ìwọ̀nba. Ní 1941, Charles Huggins àti Clarence Hodges ní Chicago fi hàn pé bí wọ́n bá yọ kóró ẹpọ̀n ọkùnrin tí jẹjẹrẹ próstéètì rẹ̀ ti tàn ká, tàbí tí wọ́n bá fún un ní estrogen, ìyẹn họ́móònù obìnrin, jẹjẹrẹ náà máa ń rọlẹ̀. Àwọn aláìsàn kan tí ìrora eegun ti dá gúnlẹ̀ dìde. Torí iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ṣe fún Huggins ní ẹ̀bùn Nobel ní 1966. Abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta mẹ́ta tí Bàbá ń gbà, orí ẹ̀kọ́ kan náà ló dúró lé. Nínú ọpọlọ ni àṣẹ tó ń sọ fún kóró ẹpọ̀n pé kó ṣiṣẹ́ ti ń wá, abẹ́rẹ́ bíi goserelin á sì dá àṣẹ náà dúró, tí testosterone á fi lọ sílẹ̀ pátápátá. Bí ẹ bá dá a dúró, testosterone á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, jẹjẹrẹ á sì tún rí ohun tó ń jẹ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ “tó bá yá a lè dá abẹ́rẹ́ dúró” fi bà mí lẹ́rù ju ìpara fúnra rẹ̀ lọ.

Níbo wá ni progesterone ti wọ ọ̀rọ̀ yìí? Họ́móònù tí ibi ẹyin obìnrin ń pèsè ni, pàápàá nígbà oyún, àwa ọkùnrin náà sì ní díẹ̀ lára. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, John R. Lee, tó kú ní 2003, wà lára àwọn tó polówó ìpara rẹ̀ jù, fún àwọn obìnrin tó ti kúrò lẹ́ni tó ń ṣe nǹkan oṣù lákọ̀ọ́kọ́, kó tó wá kan ọkùnrin. Àlàyé òun àti àwọn tó tẹ̀ lé e ni pé bí ọkùnrin bá ṣe ń dàgbà, estrogen á pọ̀ jù nínú ara rẹ̀, pé progesterone ló ń tẹ̀ ẹ́ lórí ba, àti pé progesterone kì í jẹ́ kí testosterone yí padà di DHT, èyí tó lágbára jù lára próstéètì. Èèyàn tí kò sí nídìí iṣẹ́ ìṣègùn tó bá ka irú nǹkan báyìí, tí bàbá rẹ̀ ń jẹ̀rora nílé, á gbà á gbọ́. N kò dá ẹ̀gbọ́n yín lẹ́bi rárá. Ìfẹ́ ló ràn án níṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ iṣu yẹn náà ní òtítọ́ díẹ̀ nínú. Láàárín 1940 sí 1945, onímọ̀ kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ Russell Marker rí i pé iṣu igbó kan ní Mẹ́síkò ní ohun tí wọ́n ń pè ní diosgenin nínú, ó sì fi kẹ́míkà sọ ọ́ di progesterone. Títí dòní, inú ilé iṣẹ́ ni iṣẹ́ yẹn ti ń wáyé. Ara èèyàn kò lè ṣe é. Kò sí bí iyán tàbí èsúrú tí Bàbá bá jẹ ṣe máa di progesterone nínú wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ìpara tí wọ́n kàn fi omi iṣu igbó ṣe lásán kò ní progesterone kankan nínú. Èyí tó sì ní i nínú lóòótọ́, oògùn họ́móònù gidi ni, bó ti wù kí wọ́n kọ ewé àti òdòdó sára ike rẹ̀ tó. Pé nǹkan jẹ́ àdámọ́ kò sọ ọ́ di aláìléwu. Testosterone tó ń bọ́ jẹjẹrẹ Bàbá, àdámọ́ lòun náà.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àlàyé tí wọ́n ṣe yẹn fúnra rẹ̀, ká má kàn fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òótọ́ ni pé nínú ilé ìwádìí, progesterone lè dí ìyípadà testosterone sí DHT lọ́wọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa ti wà tipẹ́, finasteride àti dutasteride, tí wọ́n ń fún àwọn bàbá tí próstéètì wọn kàn wú tí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Bí wọ́n ṣe lágbára tó yẹn, wọn kì í ṣe ìtọ́jú jẹjẹrẹ tó ti dé eegun, torí pé testosterone tó ṣì wà nílẹ̀ ti tó o bọ́. Òótọ́ náà ni pé àwọn oògùn kan wà tó jẹ́ ìbátan progesterone tí dókítà máa ń fún ọkùnrin tó ní jẹjẹrẹ próstéètì. Wọ́n máa ń lo megestrol ní ìwọ̀nba fún ooru tó máa ń ṣàdédé bo àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ bíi ti Bàbá, wọ́n sì ti lo cyproterone láti dí testosterone lọ́wọ́. Nítorí náà n kò sọ pé kò sí ohun kankan nínú ẹbí yìí tó wúlò fún ọkùnrin. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sí ìwádìí tó yanjú tó fi hàn pé ìpara progesterone ń dín ìrora jẹjẹrẹ inú eegun kù. Ìdí sì wà tó lágbára láti fura pé ó lè ṣe ìpalára.

Ìdí náà rèé, ẹ fara balẹ̀ kà á. Lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ próstéètì ni ibì kan wà tí testosterone máa ń dì mọ́, ibẹ̀ ló sì ti ń sọ fún un pé kó dàgbà. Nígbà tí jẹjẹrẹ bá ti pẹ́ lábẹ́ ìtọ́jú, ibi yẹn lè yí padà, bí àgádágodo tó ti jẹ tí kọ́kọ́rọ́ ilé aládùúgbò ń ṣí i. Ọ̀kan lára irú ìyípadà bẹ́ẹ̀, tí àwọn oníṣègùn mọ̀ dáadáa, máa ń jẹ́ kí progesterone náà lè pàṣẹ ìdàgbàsókè fún sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n ń tọ́ nínú ilé ìwádìí káàkiri ayé tí wọ́n ń pè ní LNCaP, ara jẹjẹrẹ ọkùnrin kan ni wọ́n ti mú un. Ó ní ìyípadà yìí, progesterone sì máa ń mú un dàgbà. Wọ́n ti rí i bákan náà lára àwọn aláìsàn tó ń lo abiraterone, oògùn oníhóró tí dókítà máa ń kọ nígbà tí abẹ́rẹ́ nìkan kò bá tó mọ́, pé lára ọ̀nà tí jẹjẹrẹ wọn gbà borí oògùn náà ni kí ibi yẹn yí padà kí progesterone lè máa ṣí i. Àwọn aláìsàn kan sì wà lórí megestrol tí PSA wọn, ìyẹn ohun tí próstéètì ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ tí dókítà fi ń mọ bí jẹjẹrẹ ṣe ń ṣe sí, ń gòkè, tí wọ́n dá a dúró, tí PSA sì wálẹ̀. Yàtọ̀ sí gbogbo ìyẹn, ara lè fi progesterone ṣe họ́móònù ọkùnrin, torí pé ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n wà. N kò lè jókòó síbí kí n sọ pé jẹjẹrẹ Bàbá ti yí padà bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó lè fojú lásán mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí abẹ́rẹ́ ti wà lára rẹ̀ bí ọdún kan, tí ìrora sì tún padà dé, òun gan-an ni ẹni tí mi ò ní fẹ́ kí wọ́n fi progesterone pa.

Ẹ tún wo ìpara ọ̀hún gẹ́gẹ́ bí ọjà. Bó ṣe ń wọnú ara yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan sí ẹlòmíràn, ó sì yàtọ̀ bí wọ́n bá fi pa ikùn tàbí itan, kò wá sí ẹni tó lè sọ ìwọ̀n tó wọ ẹ̀jẹ̀ Bàbá lóru ọjọ́ kan. Ìyá tí yóò máa fi ọwọ́ pa á, ara tiwọn náà ni yóò máa gbà á, àti ọmọ-ọmọ tó bá sùn ti bàbá àgbà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ mọ bí àwọn ìpara kan tí wọ́n ń tà káàkiri ọjà wa ṣe máa ń ní sítẹ́rọ́ọ̀dù tí wọn kò kọ sára ike. Ìpara tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, tó gba inú báàgì ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun wọlé, èmi apòògùn kò lè dúró fún ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ ó ní, ṣebí àwọn kan jẹ́rìí pé ó ṣiṣẹ́ fún àwọn. Mo gbà pé wọn kò purọ́. Ìrora eegun máa ń lọ, ó máa ń bọ̀, ìgbà tó bá sì le jù lèèyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ ohun tuntun, tó bá wá rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, ohun tuntun yẹn ló máa gba ọpẹ́. Ẹlòmíràn ti ń gba ìtọ́jú gidi lọ́wọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Progesterone tún máa ń yí padà nínú ara di ohun kan tó ń múni sùn díẹ̀, ẹni tó bá sì rí oorun sùn, ìrora rẹ̀ á fúyẹ́ lójú rẹ̀. Ọwọ́ aya tó ń rọra pa ẹni lára lálaalẹ́ náà kì í ṣe ohun kékeré. Bí Ìyá bá fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan fún ọkọ wọn, kí wọ́n lo òrí lásán, kí wọ́n rọra pa á, kí wọ́n má ṣe tẹ ibi tí eegun ti ń dùn wọ́n.

Kí n má bàa dà bí ẹni tó ń sọ pé họ́móònù kò lè gba awọ ara wọlé ṣiṣẹ́: ó lè gbà á. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti ṣe ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní PATCH, níbi tí wọ́n ti ń lẹ estrogen mọ́ ara àwọn ọkùnrin tó ní jẹjẹrẹ próstéètì dípò abẹ́rẹ́, ó sì mú testosterone wálẹ̀ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń mú un wálẹ̀. Estrogen nìyẹn, kì í ṣe progesterone, abẹ́ ojú dókítà tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ni wọ́n sì ti ṣe é. Oníhóró rẹ̀ àtijọ́, stilboestrol, ṣiṣẹ́ lórí jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn tó ti ṣe ológun rí ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 1967, fi hàn pé àwọn tó ń lo mílígíráàmù 5 lóòjọ́ ń kú nítorí ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Bó ṣe máa ń rí pẹ̀lú họ́móònù nìyẹn: ọwọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ ló yẹ kó wà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìrora gan-an. Jẹjẹrẹ próstéètì fẹ́ràn eegun ẹ̀yìn, eegun ìbàdí, ìhà àti eegun itan. Bó bá dé ibẹ̀, á da bí eegun ṣe ń bàjẹ́ tó sì ń tún ara rẹ̀ kọ́ rú, eegun náà á di aláìlágbára, awọ tó bò ó níta tó kún fún iṣan ìmọ̀lára á máa fà, ara á sì máa tú ohun tó ń fa wíwú àti ìrora jáde. Ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń dùn lóru nígbà tí gbogbo ara bá dákẹ́, tó sì máa ń dùn bí wọ́n bá yí ara padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Pé Bàbá ń gba abẹ́rẹ́ tí ìrora sì tún dé, ó lè jẹ́ nítorí oríṣiríṣi nǹkan. Ó lè jẹ́ pé wọ́n pẹ́ gba ọ̀kan nínú abẹ́rẹ́ náà torí owó, mo máa ń rí i gan-an, ẹnu sì máa ń ti àwọn ìdílé láti sọ ọ́ fún dókítà. Ó lè jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ń wọlé ṣùgbọ́n testosterone kò lọ sílẹ̀ tó, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa sọ. Ó lè jẹ́ pé jẹjẹrẹ náà ti borí abẹ́rẹ́, PSA á máa gòkè. Ó lè jẹ́ eegun tó ti sán. Ó sì lè jẹ́ làkúrègbé àgbà lásán, torí ẹni ọdún 73 ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀yìn dídùn tí kò kan jẹjẹrẹ. Ìtọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ìpara kan kò sì lè mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé yín mọ̀, títí kan ọmọdé tó ń gbé oúnjẹ fún Bàbá. Bí ẹsẹ̀ Bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, tí wọ́n ń kọsẹ̀, tí itan tàbí ìdí wọn ń kú tipiri, tí ìtọ̀ kò bá jáde mọ́ tàbí tí wọn kò mọ ìgbà tí wọ́n yàgbẹ́, tàbí tí ìrora ẹ̀yìn ṣàdédé di èyí tó ń yí wọn lára ká bí ìgbànú, ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ó lè jẹ́ pé jẹjẹrẹ ti ń tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ńlá. Ẹni tó ṣì ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú sábà máa ń bá a lọ láti rìn, àmọ́ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú pátápátá kí ó tó débẹ̀, ó ṣòro kí ó tó padà.

Nípa oògùn ìrora, kí n sọ ohun tí mo máa ń rí. Bàbá kan tó jẹ́ aránṣọ, nígbà tí dókítà obìnrin tó kéré sí ọmọ rẹ̀ bi í pé báwo ni ìrora, ó rẹ́rìn-ín, ó ní “A dúpẹ́, ọmọ mi, ó ti ń sàn.” Bẹ́ẹ̀, ìdí apá kan ló fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò ní ìbàdí. Ìyàwó rẹ̀ ló yọ́ sọ fún nọ́ọ̀sì lẹ́nu ọ̀nà pé orí àga ló ń sùn, pé kò lè dùbúlẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì padà wọlé, ó ní kó fi nọ́ńbà wọn ìrora náà, kí òdo jẹ́ aláìdùn rárá, kí mẹ́wàá jẹ́ èyí tó le jù láyé. Ó dákẹ́, ó ní “Mẹ́jọ.” Torí náà, ẹ má jẹ́ kí Bàbá nìkan wọlé bá dókítà. Ẹ bá wọn wọlé, kí ẹ sì mú ìwé kékeré kan dání tí ẹ ti kọ aago tí ìrora ń dé, nọ́ńbà rẹ̀, ohun tí wọ́n lò àti bó ṣe pẹ́ tó kó tó rọlẹ̀.

Ẹ lè máa fún wọn ní parasitamọ́ọ̀lù ní àsìkò tó yẹ, kì í ṣe ìgbà tí ó bá dùn wọ́n nìkan, kò sì gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 4 lọ lóòjọ́, kódà dókítà lè ní kó kéré sí i fún àgbàlagbà tó ti rù. Ẹ ṣọ́ra fún diclofenac, ibuprofen àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n dára fún ìrora eegun, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ próstéètì lè dí ọ̀nà ìtọ̀, kí kíndìnrín ti máa jìyà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, àwọn oògùn yìí á sì dá kún un. Ìlú wa níbí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe Alábùkún ní 1918, kò sí ilé tí kò mọ̀ ọ́n, àmọ́ aspirin ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ohun tí Bàbá lè máa lò lójoojúmọ́, pàápàá bí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá ìtọ̀ wọn jáde. Bí wọ́n bá ń mu àgbo, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má fi pa mọ́.

Bí ìrora bá ti ju márùn-ún lọ nínú mẹ́wàá, èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn, morphine ni oògùn rẹ̀. Mo mọ̀ pé orúkọ yẹn ń dẹ́rù bani. Àwọn kan á ní oògùn ẹni tó ń kú lọ ni, àwọn mìíràn á ní yóò di bárakú. Láti 1986 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń kọ́ gbogbo ayé pé ó yẹ kí ẹni tí jẹjẹrẹ ń jẹ̀ níyà rí i lò. Ẹni tó ń lò ó fún ìrora gidi, ní ìwọ̀n tí dókítà kọ, ó ṣọ̀wọ́n kó di ẹrú rẹ̀. Kì í sì í pa èèyàn bí wọ́n bá rọra bẹ̀rẹ̀. Èyí tí a sábà máa ń lò ni olómi, tí wọ́n ń fi síríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́ fà, tí wọ́n á rọra tú sẹ́nu. Fún àgbàlagbà, dókítà lè bẹ̀rẹ̀ láti mílígíráàmù 2.5 sí 5 ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, kí wọ́n sì máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí ìrora á fi rọlẹ̀. Bí kíndìnrín kò bá dára, wọ́n á dín in kù tàbí kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ sí i láàárín, torí náà kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kọ́kọ́. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, oorun lè máa kun Bàbá, èébì sì lè máa gbé wọn, méjèèjì máa ń lọ. Èyí tí kì í lọ ni àìlèyàgbẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ morphine náà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń múni yàgbẹ́, torí mo ti rí ẹni tó pa morphine tì nítorí inú kíkún nìkan. Ẹ má fún wọn pẹ̀lú ọtí tàbí oògùn oorun. Ẹ tì í mọ́ inú àpótí. Ẹ má sì dá a dúró lójijì. Bàbá aránṣọ tí mo sọ yẹn, ohun tó kọ́kọ́ sọ fún wa nígbà tó padà wá ni pé orí bẹ́ẹ̀dì lòun ń sùn.

Bí ìrora bá wà lójú kan pàtó, bí ìbàdí Bàbá, ẹ béèrè nípa ìtọ́jú iná, ìyẹn rediothẹ́rápì, tí wọ́n ń fi ìtànṣán tó lágbára tan sí ibi tó ń dùn. Fún ìrora eegun, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ní ìwọ̀n ìtànṣán tí wọ́n ń pè ní Gray 8, sábà máa ń tó, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bí àwọn kan ṣe rò. Nǹkan bí mẹ́fà nínú mẹ́wàá ló máa ń rí ìtura níbẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin. Ìrora lè tún le sí i fún ọjọ́ bíi méjì mẹ́ta lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ má bàa rò pé ó ti bàjẹ́. UCH ní Ìbàdàn àti ibùdó jẹjẹrẹ tí NSIA, àjọ ìdókòwò ìjọba àpapọ̀, ṣí ní LUTH, Ìdí-Àràbà l'Ékòó, ní 2019, wà lára ibi tí dókítà Bàbá lè kọ̀wé sí. Ọ̀nà tó kún fún kòtò kò dára fún eegun wọn. Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn máa ń dúró ní Láderin, l'Abẹ́òkúta níbí, ó sàn jù fún wọn láti wọ̀ ọ́, kí ẹ sì fún wọn ní oògùn ìrora bí ààbọ̀ wákàtí kí ẹ tó gbéra.

Ti iye owó abẹ́rẹ́ bá jẹ́ ìṣòro, ọ̀nà kan wà tí kò wù ẹnikẹ́ni láti gbọ́. Yíyọ kóró ẹpọ̀n jẹ́ iṣẹ́ abẹ kékeré, ẹ̀ẹ̀kan lẹ́ ó san owó rẹ̀, testosterone á sì lọ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ó ń dun ọkùnrin láti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tẹ òun lọ́dàá. N kò ní fi ìyẹn ṣeré, Bàbá fúnra wọn ló sì gbọ́dọ̀ pinnu. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé àìsọ ni kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó wà. Bó bá jẹ́ pé jẹjẹrẹ ti borí àìsí testosterone, abẹ́rẹ́ nìkan tàbí iṣẹ́ abẹ nìkan kò ní tó. Abiraterone pẹ̀lú prednisolone, enzalutamide, tàbí docetaxel ni dókítà máa sọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n wọ́n, agbára Bàbá sì ní láti gbà á. Zoledronic acid tún wà, tó ń fún eegun lágbára kó má bàa tètè kán. Kí wọ́n tó gbà á, kí wọ́n wo eyín wọn kí wọ́n sì yẹ kíndìnrín wò. Kò sí èyí nínú wọn tó ń wo jẹjẹrẹ tó ti dé eegun sàn pátápátá, mi ò sì ní parọ́ fún yín. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n fún Bàbá ní àkókò sí i, kí àkókò náà má sì jẹ́ ti ìrora.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà Bàbá, ẹ mú ike ìpara náà dání, ẹ béèrè fún àyẹ̀wò PSA, testosterone àti kíndìnrín, kí ẹ sì sọ pé ẹ fẹ́ rí àwọn tó ń mójú tó ìrora. Bó bá jẹ́ FMC Ìdí-Aba lẹ ń lọ, ẹ béèrè wọn níbẹ̀. UCH náà ní ẹ̀ka tirẹ̀ fún irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé owó tó fi ra ìpara náà, kó máa fi san owó abẹ́rẹ́ kó má bàa fò mọ́, tàbí owó ìrìnàjò sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìtọ́jú iná. Bó bá ṣì ń rò pé ó yẹ ká gbìyànjú ìpara náà, kó wà lórí fóònù lọ́jọ́ tí ẹ bá wà lọ́dọ̀ dókítà, kó béèrè gbogbo ohun tó fẹ́ béèrè, kí òun, Ìyá àti Bàbá jọ gbọ́ ìdáhùn náà.